Ṣé Wàá Máa Wo Àwo Mi?

Ìbéèrè kan ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ló bi mí, mi ò sì tètè rí èsì fún un. Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá máa wo àwo mi?" Lójú ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àmọ́ láti ìgbà náà, n kì í jókòó ti ẹnikẹ́ni nídìí oúnjẹ kí ìbéèrè yìí má sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ nǹkan nítorí rẹ̀. Mo ti bá nọ́ọ̀sì kan tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí mo rí ló ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ní àìsàn ìjẹun, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú kí èèyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀, tàbí kó máa jẹ àjẹjù kó sì máa fipá bì í. Díẹ̀ ló sọ ohun tí ọ̀rẹ́ náà máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti fura tán. "Dúró tì í," ni gbogbo wọn ń wí. Dúró tì í báwo? Tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n máa wò ó ni, àbí kí n gbójú kúrò? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo wọn ti dákẹ́.

## Ohun tí ojú rí

Mi ò ní pẹ́ lórí àwọn àmì, nítorí ẹni tó bá wá ka irú èyí ti sábà máa ń rí wọn lára ẹnì kan. Ọ̀rẹ́ mi a máa sọ pé òun ti jẹun kí òun tó dé. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, á gé e sí wẹ́wẹ́, á máa tì í káàkiri inú àwo. Tó bá parí, á dìde lọ sí balùwẹ̀, a ó sì máa gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà fún ìgbà pípẹ́. Òtútù ń mú un nígbà tí ooru ń mú àwa yòókù. Aṣọ tó ń wọ̀ ń fẹ̀ sí i. Eré ìdárayá tó fi ń gbádùn ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí kò gbọdọ̀ pa jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oúnjẹ tó o láàárín wa. Òun ló ń sè fún gbogbo wa. Òun ló ń wo fídíò àwọn alásè títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Á gbé oúnjẹ síwájú wa, á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa wo bí a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ohun tí mi ò rí ni kó rù kan egungun. Ó fọn díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú fífọn tí wọ́n ń fi hàn nínú àwòrán. Àwòrán wọ̀nyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn tí àìsàn ìjẹun ń bá fínra ni ìwọ̀n ara wọn kò kéré rárá. Ẹni tó ń jẹ àjẹjù ní ìkọ̀kọ̀ tó sì ń fipá bì í jáde, ìyẹn bulimia nervosa tí dókítà Gerald Russell sọ ní orúkọ yẹn ní 1979, lè máa bá wa rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni má fura. Ẹni tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá fi ebi pa ara rẹ̀ títí ó fi dé ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń pè ní èyí tó dáa, ọkàn rẹ̀ lè ti máa lù lọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń kí i kú oríire. Wọ́n á ní, "O mà ti rẹwà sí i o! Kí lo lò?" Ohun tó ń pa á lọ ni wọ́n ń yìn ín fún.

## Lójú ọ̀nà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo gbà, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú ń dí lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ ká dojú kọ ara wa, kó máa wá ibi tó máa gbójú sí. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ nídìí oúnjẹ, nígbà tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀. Mo dúró di ìgbà tí àwa méjèèjì nìkan jọ ń rìn lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ojú kálukú wà níwájú.

Mo ní, "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Tó o bá fẹ́ kí n dákẹ́, sọ fún mi."

Kò fèsì.

Mo ní, "Mo rí i pé ara rẹ kì í balẹ̀ mọ́ tí oúnjẹ bá wà nílẹ̀. Mo sì gbọ́ ọ nígbà tó ò ń bì. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí rẹ."

Ibẹ̀ ni mo fi í mọ. Mi ò dárúkọ àìsàn kankan, mi ò sọ pé ó rù tàbí pé ó gbẹ. Ohun tí mo rí, ohun tí mo gbọ́, àti bó ṣe rí lára mi nìkan ni mo sọ. Kò lè bá mi jiyàn pé ẹ̀rù kò bà mí.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní inú òun ni kì í gba gbogbo nǹkan, pé ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe òun bẹ́ẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni, mi ò sì sọ pé mo gbà á gbọ́. A ń rìn lọ. A dé ibi tí a ti máa ń yí padà sílé, kò yà. Èmi náà ò yà. Ó ṣe díẹ̀ kó tó tún lanu, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀: "Tí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá máa wo àwo mi?"

Mo ti yí ìbéèrè yẹn wò sọ́tùn-ún sósì. Ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti sọ kì í kọ́kọ́ dúnàádúrà. Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ohun tí kò béèrè. Kò béèrè bóyá màá sọ fún ẹlòmíì. Kò béèrè bóyá màá rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Kò sọ pé kí n má mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ojú mi ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti mọ̀, bóyá láti ibòmíì, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá sọ òótọ́ yìí jáde: gbogbo ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á di olùṣọ́ ìdánwò. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ṣíbí kan tó máa gbé sẹ́nu tí kò ní di ẹ̀rí. Tó bá jẹ ẹ́, wọ́n á dunnú jù. Tí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á wojú ara wọn.

Ojú kan sì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí kì í sùn, tó ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé sí i lẹ́nu. Mo rò ó pé tí èmi náà bá wá fi ojú tèmi kún un, adájọ́ méjì ló máa jókòó sórí oúnjẹ kan.

Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀. Jẹ́ kí n rò ó." Ó ní kò burú. Ó sì sọ díẹ̀ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà láìdúró de èsì. Èyí tó sọ, tiẹ̀ ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

## Orí tí ebi ń pa

Kí n tó dá a lóhùn, mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tí kò jẹun kánú. Ìwádìí kan wà tí àwọn tó mọ̀ nípa àìsàn yìí kì í ṣe kí wọ́n má mẹ́nu bà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ancel Keys kó ọkùnrin 36 jọ sí Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọkùnrin yìí kọ̀ láti gbé ìbọn nítorí ẹ̀rí ọkàn wọn, wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ yìí dípò ogun. Ebi ń pa àwọn èèyàn kú nígbà náà ní Yúróòpù, wọ́n sì fẹ́ mọ ọ̀nà tó dáa jù láti bọ́ wọn padà. Wọ́n yẹ àwọn 36 náà wò fínnífínní kí wọ́n tó gbà wọ́n: ara wọn le, orí wọn sì pé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín oúnjẹ wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, títí ìwọ̀n ara wọn fi dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìwé ńlá tó sọ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1950.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nìyí. Òtútù ń mú wọn nígbà ooru. Wọ́n yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ̀fẹ̀ tán lẹ́nu wọn, ìfẹ́ obìnrin tán lára wọn. Inú ń bí wọn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Wọ́n ń fi àkókò gígùn jẹ oúnjẹ kékeré, wọ́n ń pò ó pọ̀, wọ́n ń pín in sí ọ̀nà tó wù wọ́n. Ìwé ìdáná ni wọ́n ń kà bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, àwọn kan sì ń kó ọ̀nà ìsè oúnjẹ jọ, àwọn tí kò sè nǹkan kan rí láyé wọn. Mo gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo kà á débẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ̀yìn ti ògiri tó ń wo ẹnu wa ni mo ń rí.

Kò sí ìkankan nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn tó wọ inú ìwádìí náà nítorí pé ó ń bẹ̀rù ìsanra. Ebi nìkan ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé lára ohun tí àwa tó wà lẹ́bàá ń pè ní agídí, ìgbéraga, àìmoore, tàbí "ìwà rẹ̀ tuntun yìí", ebi ló bí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá jókòó síwájú ẹni tí ebi ti gba orí rẹ̀, tó ń ro ẹjọ́ fún un, tó ń fi ẹ̀rí hàn án pé kò sanra, ń fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí ìwádìí náà pin sí o. Oúnjẹ wu àwọn ọkùnrin Minnesota, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ìyà náà máa parí. Ọ̀rẹ́ mi ń sá fún oúnjẹ, kò sì sí ẹni tó dá ọjọ́ kankan fún un. Ebi nìkan kọ́ ló fa àìsàn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé, àníyàn, àti ohun tí ojú èèyàn ti rí máa ń pàdé pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ tí ebi bá ti dé, ó ń mú àìsàn náà le sí i, àìsàn náà sì ń fa ebi sí i. Ohun mìíràn tún wà nínú ìwádìí náà tí mo di mú: nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ àwọn ọkùnrin náà padà, ara wọn kò dá lọ́gán. Inú àwọn kan tilẹ̀ tún bà jẹ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ àjẹjù fún oṣù púpọ̀, tí wọn kò sì mọ̀ ìgbà tí wọ́n yó. Ẹni tó bá ń retí kí ọ̀rẹ́ òun di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí jẹun kò tíì mọ ohun tó dojú kọ.

## Bí ẹ bá ti rò pé obìnrin ni

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì tó ń ka èyí bọ̀ ti fojú inú rí ọmọbìnrin kan. Ọkùnrin ni ọ̀rẹ́ mi. Mi ò kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí mo fẹ́ kí ẹ rí bí ó ṣe rọrùn tó láti má ronú kàn án.

Ìdí tí kò fi sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kankan nìyẹn. Tí ọkùnrin bá ń fi oúnjẹ sílẹ̀, a ní ó ń kóra ẹ̀ níjàánu. Tó bá ń pa ara rẹ̀ ní jíìmù, a ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọkùnrin ti wà nínú ìtàn àìsàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí dókítà Richard Morton kọ nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1689, èèyàn méjì ló sọ ìtàn wọn: ọmọbìnrin kan tó kú, àti ọmọkùnrin ọdún 16 kan, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, tí ara rẹ̀ padà yá dé ìwọ̀n àyè kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní àwọn ọdún 1870, kí William Gull tó fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí, anorexia nervosa, ìyẹn kí èèyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù ìsanra, àmọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àìsàn àwọn ọmọbìnrin ló ṣì jẹ́. Títí di 2013, nínú ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀, kí nǹkan oṣù dúró wà lára àmì tí wọ́n ń wá. Ẹ wo ẹni tí ìwé náà ní lọ́kàn. Wọ́n yọ àmì yẹn kúrò lọ́dún náà, ìyẹn sì jẹ́ àná ní ojú ìmọ̀ ìṣègùn.

Ìtìjú ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ onílọ̀ọ́po méjì. Àìsàn wà, ó sì tún jẹ́ èyí tí wọ́n ti sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀. Mo rò pé ìyẹn náà wà nídìí ìbéèrè tó bi mí. Ó ti fara da kí ara máa ni ín. Kí wọ́n tún wá máa wò ó nídìí àwo bí ọmọdé, ìyẹn ni kò lè gbà.

## Èsì tí mo fún un

Nígbà tí a tún ríra, mo ní, "Rárá, mi ò ní máa wo àwo rẹ."

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa bá mi jiyàn níbí, ó sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní àwọn ọdún 1980, èyí tí àwọn òbí ti ń gba àkóso oúnjẹ ọmọ wọn pátápátá fún ìgbà kan. Àwọn òbí ló ń pinnu ohun tí ọmọ máa jẹ, wọ́n á jókòó tì í títí á fi jẹ ẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́langba, ẹ̀rí sì wà fún un. Ẹ ò rí i pé wíwo àwo dáa? Ó dáa lọ́wọ́ òbí tí dókítà dúró tì lẹ́yìn, fún ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ wọn. Àgbà ni ọ̀rẹ́ mi, mi ò bí i, kò sì sí dókítà kankan tó rán mi níṣẹ́. Tí èmi bá gba iṣẹ́ òbí ṣe, màá pàdánù iṣẹ́ ọ̀rẹ́, kò sì sí ẹlòmíì tó máa bá mi ṣe é.

Kí wá ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́? Mo sọ fún un pé a ó máa jókòó jẹun pọ̀ bí a ti ń ṣe, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ la ó sì máa sọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, tí ọkàn rẹ̀ bá ń sọ fún un pé kó dìde, mo wà níbẹ̀. A lè wo fíìmù, a lè ta géèmù lórí fóònù, kó máa bú mi pé mi ò mọ̀ ọ́n ta. Ó sọ fún mi pé wákàtí yẹn ló le jù, ó ju oúnjẹ fúnra rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ti ń ronú nípa àwo láti ọjọ́ yìí wá kò ronú kan ìyẹn rárá.

Mo tún sọ fún un pé ẹnu mi ti kúrò lórí ara rẹ̀. Mi ò ní sọ pé ó rù. Èyí tó le fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti gbà ni pé mi ò ní sọ pé ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. A rò pé ìwúrí ni. Ohun tí etí aláìsàn ń gbọ́ ni pé ó ti ń sanra, pé àwọn èèyàn ti rí i. Tí mo bá fẹ́ yìn ín, màá yìn ín fún ohun tí kò ṣeé gbé sórí ìwọ̀n: ó tún ti ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó dá sí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, ó sùn dáadáa. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ara tí gbogbo wa ń wò ni làpálàpá; ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni ẹ̀tẹ̀.

Mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe fún mi: kó jẹ́ ká lọ rí dókítà. Mo ní màá bá a wá ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, màá bá a pè, màá jókòó ní ìta dè é. Kò gbà lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ̀rọ̀ náà di ìjà, mi ò sì gbé e tì. Mo tún dá a sílẹ̀ nígbà mìíràn, mo tún dá a sílẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kò túmọ̀ sí pé kéèyàn panu mọ́.

Nígbà tó gbà láti lọ, ó ní ẹ̀rù tó ń ba òun ni pé dókítà máa wo òun, á ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àròsọ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè dára lára ẹni tí àìsàn yìí ti wọ̀ lára gan-an, dókítà tí kò bá sì mọ̀ lè rán an padà sílé. A jọ jókòó kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé kan: bíbì, òòyì tó ń kọ́ ọ, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kìkì nígbà mìíràn, bó ti pẹ́ tó. Òun ló kọ ọ́, èmi mú bíírò àti ìwé wá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá fẹ́ sá lọ nígbà tó bá jókòó síwájú dókítà, ìwé yẹn á bá a sọ ọ́.

## Ibi tí ìlérí mi mọ

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò. Àìsàn ìjẹun ń pa èèyàn. Anorexia wà lára àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń pa èèyàn jù lọ. Ọkàn ló ń pa àwọn kan, àwọn mìíràn ń gba ẹ̀mí ara wọn. Karen Carpenter, olórin Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ ohùn rẹ̀, kú ní 1983 nígbà tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹni ọdún 32 péré ni. Ẹni tó ń bì lemọ́lemọ́, tàbí tó ń lo oògùn tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, ń da èròjà kan tó ń jẹ́ potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù, potassium yẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí ọkàn máa lù létòlétò. Ó lè máa rìn, máa ṣiṣẹ́, máa rẹ́rìn-ín, kí ọkàn rẹ̀ sì ṣìṣe lójijì.

Fún àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n kàn fi oúnjẹ kì í lẹ́nu: kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n rí i pé àwọn kan tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n wá fún ní oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tún ṣàìsàn, àwọn mìíràn sì kú. Ara tí ebi ti pa bẹ́ẹ̀, tí oúnjẹ bá ya wọ inú rẹ̀, á fa àwọn èròjà bíi phosphate àti potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lójijì, ọkàn àti mímí á sì dà rú. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń lọ. Ìfẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn ní ilé ìdáná.

Nítorí náà, bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé mi ò ní máa wo àwo rẹ̀, àmọ́ màá máa wo òun fúnra rẹ̀. Mo ní tó bá dákú, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ohun tó bì, mi ò ní gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó pe àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ní tó bá sọ fún mi pé òun kò fẹ́ wà láyé mọ́, mi ò ní fi ṣe àṣírí, mi ò sì ní fi òun nìkan sílẹ̀. Mo sọ ọ́ ṣáájú nítorí mi ò fẹ́ kó rò lọ́jọ́ kan pé mo da òun. Àṣírí tó lè pa á kì í ṣe ara ohun tí mo bá a tọ́jú.

Èmi náà ní ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀, láìdárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Àwọn alẹ́ kan wà tí mo máa ń dùbúlẹ̀ tí mò ń ronú bóyá ó ti dìde lọ sí balùwẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá ru ẹrù yìí kò ní pẹ́ kó tó bínú sí ẹni tó ń rù ú fún, mo sì ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Ọ̀rẹ́ kan kò tó. Mo sọ ìyẹn náà fún un, pé yóò dáa kí ẹnì kan sí i mọ̀, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó dákẹ́, ó ní òun ní ohun kan láti fi kún un. Tí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé òun ti lọ rí dókítà nígbà tí òun kò lọ, kí n má bá òun jà, kí n pe ẹ̀gbọ́n òun obìnrin. Ó ní òun máa purọ́, pé òun mọ ara òun. Ó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí mi kí a tó kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ díẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá pè mí, ó bi mí pé kí ló yẹ kí òun máa sè dè é tó bá wá kí òun. Mo ní kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu nípa oúnjẹ, kí wọ́n bi í ní fíìmù tó fẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀.